Ibi Tí Ọkàn Bàámi Wà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú eruku pákó. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù kọjá ohun tí èèyàn ń kúnlẹ̀ sí.

Ara mi dá. Iṣẹ́ ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn ṣì ń lọ. Aṣọ ibùsùn tí mò ń fọ̀, tí mò ń lọ̀, tí mò ń ká lójúmọ́ tó láti fi bo gbogbo òrùlé àdúgbò wa. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, èyí tí wọ́n ń pè ní báọ́lọ́jì. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe é, kí n tó wọṣẹ́ lọ́sàn-án. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ kò lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì mọ̀ pé torí ìyẹn ni mo ṣe wá.

Bàámi, ẹ dójú tì mí. Lọ́jọ́ kìíní, olùkọ́ wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ní kí gbogbo wa gbé ọwọ́ lé ibi tí ọkàn wa wà. Mo gbé tèmi sí ọ̀tún láìronú rárá. Àwa méjìlélógún la wà níbẹ̀. Àwọn mọ́kànlélógún yòókù gbé tiwọn sí òsì. Ọkùnrin awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olùkọ́ bi mí pé ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi ni.

Ṣé ẹ rántí? Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń sùn lé yín láyà lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ọ̀tún ni mo máa ń gbé etí sí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá sọ pé òsì ni, mo sáré wá bi yín, ẹ ní kí n jẹ́ kí tíṣà máa sọ tirẹ̀. Èmi náà fi ti tíṣà sílẹ̀, mo di tiyín mú. Ẹ wò ó, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí báyìí o, mo wá di ẹni tí awakọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bínú púpọ̀. Àlàyé ni mo fẹ́.

Ohun kejì. Màámi ní lórí fóònù pé inú ń run yín, pé ẹ máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dùbúlẹ̀ tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú! Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn fóònù, pé inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màámi ló ń gbé, tí gbogbo oníbàárà á na etí. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà nígbà náà. Ẹ má fi ohunkóhun bò fún mi.

Èmi ni Akọ̀wé yín, tó máa ń kọ ìwọ̀n pákó sílẹ̀ fún yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Akọ̀wé mi,

Mo kí ẹ, mo sì kí àwọn aṣọ ibùsùn rẹ. Màmá rẹ kí ẹ títí, ó ní kí o máa jẹun. Mo sọ fún un pé ẹni tó lè rojọ́ tó báyìí, ó ti jẹun yó.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó pa awakọ̀ lẹ́rìn-ín kò pa èmi lẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́ pé kó wá máa gbọ́ ọkàn àgbàlagbà, ibi tó bá fi etí sí náà ni yóò ti gbọ́ nǹkan. Tíṣà ní òsì, ìwé ní òsì, òsì náà ni. Ṣé ó tán? Kọ òsì sínú ìdánwò rẹ, kí o yege, kí o fi àyà bàbá rẹ sílẹ̀.

Ikán ló ń dà mí láàmú lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé, wọ́n sì ti jẹ férémù ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo ti fá tán. Oníbàárà dé, mo gbé ọ̀kan fún un, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì. Ojú tì mí. Bí báọ́lọ́jì yín bá mọ ohun tí Ọlọ́run ní lọ́kàn tó fi dá ikán, kí o bá mi bi í.

Ti inú rírun, kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, ó fún mi ní oògùn funfun kan tó ń ṣe bí ẹfun lẹ́nu. Mò ń mu ún. Kò tíì lọ, àmọ́ yóò lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí, má gbé e dé orí fóònù. Má jẹ́ kí màmá rẹ gbọ́ ọ. Kò sí ìdí kan pàtó. Mi ò kàn fẹ́ ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ìjà ikán. Ẹ kú ojú lọ́nà lẹ́tà pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ń yọjú wo ẹni tó ń pín in bí ẹ tiẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò wò ó.

Mo bi wọ́n léèrè ti ikán. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ fún wa ní okùn, ó ní kí kálukú wọn ilẹ̀ ìwọ̀n apá kan níbùú lóròó nínú koríko ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ká ka gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú rẹ̀. Mo rò pé koríko nìkan ni mo máa rí. Oríṣi méjìdínlógún ni mo kà, Bàámi, èèrà, ekòló, olú, àwọn kòkòrò tí mi ò mọ orúkọ wọn. Olùkọ́ wá ní ká yọ ẹyọ kan kúrò lọ́kàn wa, ká wo ẹni tí ebi máa pa. Bí mo ṣe yọ ekòló, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilé náà wó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikán. Bí kò bá sí i, igi tó bá wó sóko á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lásán ni, ilẹ̀ á sì ṣá. Ikán ló ń sọ òkú igi di oúnjẹ fún igi mìíràn. Ibi tó ti burú ni pé ikán ò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi tó wó fúnra rẹ̀ àti férémù yín.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ohun inú ara la kọ́. Ère kan wà ní kíláàsì tí a lè ṣí inú rẹ̀, ká yọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ká dá a padà. Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún lábẹ́ ìhà. Àpò òróòro so mọ́ abẹ́ rẹ̀, kò ju ìka lọ. Olùkọ́ ní òkúta a máa gbá jọ sínú àpò yẹn lára àwọn kan. Tí wọ́n bá jẹ nǹkan ọlọ́ràá, àpò á fún ara rẹ̀, ìrora á sì mú wọn lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á gùn dé èjìká. Ó ní ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọgbẹ́ inú ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé kò kàn yín, torí màámi ní apá òsì ni ẹ máa ń dì mú. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí kíláàsì tú, mo lọ bi olùkọ́ bóyá ẹnì kan lè wà tí èèyàn ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ lọ́tùn-ún. Ó dáwọ́ ìwé tó ń kó jọ dúró. Ó ní ó wà, ẹyọ kan nínú bí ẹgbàárùn-ún èèyàn. Ó ní gbogbo ohun inú wọn ló yí sí apá kejì, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ọkàn lọ́tùn-ún, ẹ̀dọ̀ lósì, òróòro lósì. Ó ní púpọ̀ nínú wọn ló ń gbó, tó ń tọ́, tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dókítà tí kò bá mọ̀ á máa wá àìsàn wọn síbi tí kò sí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ó gbé mi kọjá ibùdó mẹ́ta kí n tó mọ̀.

Bàámi, ẹ má fi ikán dá mi lóhùn. Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Apá wo ni? Irú oúnjẹ wo lẹ máa ń jẹ kí ìrora tó dé? Ṣé ó ń dé èjìká? Èjìká wo?

Akọ̀wé yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Akọ̀wé mi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ya méjì. Wá ibi jókòó sí.

Ọ̀tún ni.

Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe àga ń gba gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo yege nínú iṣẹ́ ọwọ́, èmi ni mo ṣe ipò kìíní, ó ku kí dókítà wọn yẹ̀ wá wò. Ó gbé ẹ̀rọ sí mi láyà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ló bá kígbe pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ló wọlé. Mo dúró láàárín wọn láìwọ ẹ̀wù, wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ mí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń yẹ pákó tó ti jẹrà wò. Ọ̀kan ní ó dà bíi pé ọmọ iṣẹ́ ló to èyí pọ̀ nígbà tí ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbà mí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ara mi ò pé.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó fèsì. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan mọ́, pé kò sẹ́ni tó máa fa ọmọ rẹ̀ lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Mo búra fún un. Nígbà tí mo pàdé màmá rẹ, mo ní màá sọ ọ́ tó bá yá. Kò yá. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé. Mi ò purọ́ fún un, mi ò kàn sọ ni. Àmọ́ èmi náà mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi ọdún mẹ́rìndínlógójì pa mọ́ fún aya rẹ̀, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

O béèrè, màá dáhùn. Abẹ́ ìhà òsì ni. Tí mo bá jẹ nǹkan ọlọ́ràá, kí wákàtí kan tó pé, ó ti dé. Ó máa ń gùn dé èjìká òsì. Dókítà tó fún mi ní oògùn funfun ò gbé ohunkóhun sí mi láyà, orí aṣọ ló ti tẹ inú mi, ó sì kọ oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi débi pé mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérún pákó, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Dókítà tuntun kan ti wá dé ilé ìwòsàn báyìí. Ó ní kí n wá kí wọ́n là mí, kí wọ́n rí ohun tí oògùn ò rí.

Mi ò lọ. Bí wọ́n bá là mí, wọ́n á rí i. Wọ́n á pe ara wọn bíi ti ìjọ́sí. Màmá rẹ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹnu àjèjì ni yóò ti gbọ́ irú ẹni tó fẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n máa bá ìrora mi yí.

Mo fi bàbá tí mo jẹ́ sí ẹ bẹ̀ ẹ́. Má sọ fún un.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín lónìí, nítorí náà mi ò ní kí yín.

Ibi tí a ti ń lọ aṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sunkún níbẹ̀. Ọ̀gá mi rò pé áyọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́. Kì í ṣe torí ibi tí ọkàn yín wà ni mo ṣe sunkún. Torí àwọn ọkùnrin márùn-ún yẹn ni. Ká ní mo mọ ilé wọn ni!

Mo lọ bá olùkọ́ mi, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó mú mi jókòó, ó sì kọ́ mi ní ohun tí kò sí nínú ìwé wa. Ó ní gbogbo wa là ń bẹ̀rẹ̀ láìní ọ̀tún, láìní òsì. Nígbà tí oyún bá wà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọmọ ò tíì tó hóró ìrẹsì, ìhà méjèèjì dọ́gba. Irun kéékèèké kan wà lára rẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n ń yí bìrí, wọ́n ń ti omi lọ sápá kan, ibi tí omi bá ṣàn sí ni ara máa ń pè ní òsì. Tí irun yẹn ò bá yí, ara á mú apá tó bá wù ú. Ìyẹn nìkan ló ṣe yín, Bàámi. Kì í ṣe ègún, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá yín, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ó ní ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lára ẹja, lára ẹyẹ, lára èkúté, torí ọ̀dọ̀ baba ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó ní eegun ẹ̀yìn ti jogún ètò náà láti ayé àìmọye ọdún. Ó ní wọ́n máa ń rí èkúté tó rí bíi tiyín. Ẹ má bínú pé mo fi yín wé èkúté. Mo sì mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ àwa àti ẹja. Ẹ jẹ́ ká jà á nígbà tí ara yín bá yá.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ilẹ̀kùn kan ń ṣí sọ́tùn-ún, òmíràn ń ṣí sósì. Igi kan náà, ọwọ́ kan náà. Mi ò rí oníbàárà tó sọ fún yín rí pé èyí tó ń ṣí sósì kì í ṣe ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún àgádágodo rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ apá tí híńjì wà, kó má lọ gbẹ́ ibi tí kò yẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kí ẹ sọ fún dókítà kò ju ìyẹn lọ.

Mo fi ìwé kan sínú lẹ́tà yìí. Olùkọ́ ló bá mi kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, pé gbogbo ohun inú ọkùnrin yìí wà ní òdìkejì, kí wọ́n wo àyà rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnu yín ò bá lè sọ ọ́, ẹ na ìwé sí wọn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Òkúta yẹn lè dí ọ̀nà òróòro, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ á dé, àpò náà á sì lè bẹ́. Ó ń pa èèyàn. Ẹ ní kí n má sọ fún màámi, mo gbọ́. Mo fún yín di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí. Bí ẹ ò bá tíì sọ fún un fúnra yín, màá pè é. Ẹ lè bínú sí mi títí láé. Kí ẹ ṣáà wà láyé láti bínú.

Akọ̀wé yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ọjọ́ tí mo dá ti kọjá. Ẹ ò fèsì.

Mo pe màámi lánàá. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu. Ó gbé fóònù, mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi," gbogbo ohun tí mo tò sì dàrú. Mo bi í ní irú aṣọ tó ń rán. A sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo béèrè yín, ó ní ẹ ń sùn. Lọ́sàn-án gangan. Mi ò lè sọ ọ́.

Mo máa ń rò pé mo láyà. Mo ti wá rí i pé ẹ ti fà mí wọnú ìdákẹ́jẹ́ yín, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bí nǹkan kan bá ṣe yín, èmi ni màá jẹ́ ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, ojú wo ni màá wá fi wo ìyá mi? Màá tún pè é ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, kíkà ni màá kà á.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Màmá rẹ ló ń kọ èyí. Má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí, abẹ́rẹ́ ló mọ̀ ọ́n ju bírò lọ. Bàbá rẹ ní òun fúnra òun ló máa kọ̀wé sí ẹ, kí n má sọ ohunkóhun lórí fóònù. Mo fún un lọ́jọ́ mẹ́ta, kò kọ ọ́, sùúrù mi tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o pè mí, tí o ń bi mí léèrè bọ́tìnnì, bí ẹni tí bọ́tìnnì kàn rí, mo ti mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ.

Ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ gbé ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun lẹ orúnkún rẹ̀. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń bá a jà pé kó máa kó ìṣó kúrò lápò kó tó fún mi ní aṣọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹyọ ìṣó kan níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ ló wà nínú àpò náà, òun àti ìwé onílẹ́tà gàdàgbà. Bó ti gbé ṣòkòtò náà fún mi tán ló lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Mo kà á. Mo lẹ orúnkún náà. Mo dá lẹ́tà padà sápò, mo lọ bá a, mo ní ṣòkòtò ti parí. Kò wò mí lójú. Ó ní ṣé mo yẹ àpò rẹ̀ wò. Mo ní mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, mo dá a dúró. Mo ní, "Bàbá Akọ̀wé, láti ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ra ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tún ló wà. Níbo lo rò pé mò ń gbé orí sí?"

Ó sunkún, ọmọ mi. Mi ò rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ. Mo ní ohun tí ọkùnrin bá fi pamọ́ fún mi, mò ń dúró kó fúnra rẹ̀ gbé e wá ni, mi ò mọ̀ pé yóò pẹ́ tó báyìí. Ohun tó wá dùn mí dé eegun ni pé ọkàn nìkan ni mo rò pé ó wà lódìkejì. Mi ò mọ̀ pé gbogbo inú ló yí. Ká ní mo ti la ẹnu mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá dókítà á ti mọ̀. Òun dákẹ́, èmi dákẹ́, ìwọ náà wá ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wa.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ. Mo mú ìwé rẹ dání, mi ò lò ó. Òun ló bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún dókítà pé, "Ohunkóhun tí ẹ bá ń wá nínú mi, apá kejì ni kí ẹ wá a sí." Wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Òkúta mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àpò náà sì ti wú. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ìrora lè rọlẹ̀, òun ló mú un sùn lọ́sàn-án. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní òun ò ṣe irú rẹ̀ rí, pé òun ti kọ̀wé sí àwọn tó ti ṣe é.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Gbàdúrà. Tí o bá sì pè, má sunkún sí mi létí, oníbàárà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Akọ̀wé mi,

Mo wà láyé láti bínú, bí o ṣe wí. Mo ti wá ìbínú náà títí, mi ò rí i.

Wọ́n ti yọ ọ́. Dókítà ní ìgbà méjì iye wákàtí tó yẹ ló gbà òun, torí gbogbo ohun tí ọwọ́ òun ti mọ̀ ni òun ní láti gbàgbé kí òun tó lè ṣe é. Àwọn òkúta náà wà nínú ìgò lórí fèrèsé. Màmá rẹ ní òun ò lè bá òkúta gbé yàrá kan, pé èmi tàbí àwọn, kí n mú ọ̀kan. Mo ń rìn dé ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀. Ikán ti jẹ férémù kẹrin. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì da epo lé wọn lórí.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, dókítà bi mí bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lè wá gbọ́ ọkàn mi. Mo ní wọ́n lè wá tí wọn ò bá ní rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n kí mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí kò jù ẹ́ lọ, bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní mo bí ọ̀kan. Ó ní apá wo ni ọkàn rẹ̀ wà. Mo ní òsì. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?" Mo sọ pé ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n jáde.

Ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi wá ọmọ. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo gbà pé inú mi tó yí padà ló fà á, tí màmá rẹ sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ, agbẹ̀bí gbé ẹ jáde sí mi. Mi ò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mi ò béèrè ìyá rẹ. Mo gbé etí lé ẹ láyà. Mo gbọ́ ọ lósì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, agbẹ̀bí náà ń bá mi dúpẹ́. Ó rò pé ọmọ tí mo rí ni mo ń dúpẹ́ fún. Pé o ò jọ mí ni mo ń dúpẹ́ fún.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ìyẹn kiri. Ó wúwo ju èyí tí mo fi pamọ́ fún màmá rẹ lọ. Dárí jì mí.

Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ síbẹ̀, kó fara pamọ́, kó fo ìwọ, kó wá yọ lára ọmọ rẹ. Bí o bá bímọ lọ́jọ́ kan, tí o gbé etí lé e láyà, tí o sì gbọ́ ọ lọ́tùn-ún, tètè kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ wá wo ẹni tó jọ mí.

Bàbá rẹ.